Sítóòfù Bàbá Yín Àgbà àti Púpurú

Nígbà tí ara mi ṣì le, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ní Ìlútítun níbí, ta ló ń fowó ra iná? Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi. Láti àárọ̀ lẹ ti ń kùn. Gáàsì wọ́n. Owó iná tán nínú mítà. Jẹnẹrétọ̀ ń mu pẹtiróòlù bí ọ̀mùtí… Ṣé ẹ̀yin lẹ ni iná ni, àbí iná ló ni yín?

Tiwa nígbà náà, igi wà lóko. Tí a bá ti fún epo pupa tán, a ó sá ìhá rẹ̀ sóòrùn, òun la fi ń dáná. Tí iná bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́, o ó gbé àpáàdì, o ó lọ fọnná nílé kejì. Wọ́n ní ẹni tó wá fọnná kì í jókòó. Irọ́ ni. Àwa ń jókòó, a sì ń jẹun wọn. Kẹrosíìnì? Àtùpà nìkan ló ń mu ún.

Àfìgbà tí bàbá yín àgbà gbé sítóòfù dé láti Òkìtìpupa lórí kẹ̀kẹ́. Ó gbé e kalẹ̀ láàárín ilé, ó ní, "Igi ò gbọdọ̀ wọlé yìí mọ́. Èéfín ti ba ojú ìyàwó mi jẹ́."

Ìyá rẹ̀ ń yí púpurú, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí wọ́n mọ róbótó, lórí àjà, lókè iná igi, kí èéfín lè yan án. Wọ́n ní, "Nǹkan yìí, ṣé ó ń rú èéfín?"

"Rárá o, Ìyá. Kò ní èéfín."

"Kí ni yóò wá máa yan púpurú?"

"Òun náà ni."

Wọ́n dìde, wọ́n ká ẹní wọn. "Ó dáa. Ilé àbúrò rẹ ní Òde-Ìrèlè ń gba èèyàn."

Ìyá tó bí mi ti kú. Ìyá ọkọ mi yìí ló wẹ àkọ́bí mi, àwọn ló kọ́ mi ní ohun gbogbo tí mo mọ̀. Tí wọ́n bá lọ, ta ni mo ní? Mo kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yan ẹyọ kan, ká tọ́ ọ wò."

Wọ́n ní, "Nítorí tìẹ ni o, ìyàwó." Ni wọ́n bá jókòó lórí ẹrù tí wọ́n ti dì.

Bàbá yín àgbà na wáyà sórí sítóòfù, ó gbé púpurú lé e. Ó yí i títí oòrùn fi wọ̀. Òde dúdú, inú tutù. Mo ha á, mo gún un, mo jọ̀ ọ́, mo rò ó, mo gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Òórùn kẹrosíìnì gba ilé kan.

Ó bu òkèlè kan. Ìyá ń wò ó.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dùn."

"Bù sí i."

Ó bù sí i. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó dùn, Ìyá."

"Máa jẹ ẹ́."

Ó jẹ ẹ́ tán, ẹ gbọ́, ó jẹ ẹ́ tán… ló bá gùnfẹ̀. Ìyá rọra gbé àtùpà kúrò nítòsí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, sún sẹ́yìn. Ọkọ rẹ fẹ́ gbiná."

A rẹ́rìn-ín, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Òun fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń di ikùn mú. Kó tó dìde, Ìyá ti tú ẹrù wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ta ló ru igi dé láti oko? Bàbá yín àgbà ni. Ọwọ́ wa níbí ni Ìyá kú sí, lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

N ò ní kí ẹ padà sídìí igi o. Gáàsì dára, ojú mi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n sítóòfù gáàsì mẹ́ta ló wà nínú ilé yìí, kálukú ti ilẹ̀kùn, ó ń se tirẹ̀, gbogbo yín sì ń pariwo ọ̀wọ́n. Láyé… Ó yá, ẹ lọ pa méjì. Ẹ gbé ìkòkò ńlá sórí ìkẹta, ká jọ jẹun.