Àlàájà fi oríkì pe ẹni tó fẹ́ gba ilé mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: mò ń jowú. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mò ń jowú ọmọdébìnrin tí mo fúnra mi mú wálé! Ìyá mi ṣubú ní Abẹ́òkúta, egungun itan wọn kán, èmi nìkan sì ni ọmọbìnrin wọn. Ó yẹ kí n ti máa palẹ̀ ẹrù mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, àléébù tí mo lè kà sí Fàrídà lọ́rùn ni mò ń wá kiri. Òjòwú ò lẹ́ran láyà lóòótọ́, oúnjẹ ò tiẹ̀ lọ lẹ́nu mi mọ́.

Ilé kóọ̀pù ni mò ń gbé ní Peckham, nílùú Òyìnbó níbí, àwa olùgbé la jọ ń darí rẹ̀. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò lè fi ilé rẹ̀ háyà títí yóò fi dé, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá bá wa tún ọgbà ṣe, kí a rí ìwà rẹ̀ ká tó fọwọ́ sí i nípàdé. Bí mo ṣe mú Fàrídà wá nìyẹn. Catford ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ní mọ́ṣáláṣí ni. Yorùbá rẹ̀ kò já geere rárá, mo sì rò pé kò sí ẹni tí yóò kà á sí. Àṣé àfọwọ́fà ni! Bó ṣe rí Àlàájà, àgbà ilé wa tó ń gbé nísàlẹ̀, pẹ̀lú garawa omi lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ gbì sínú ẹrẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́, ma. Grandma, please, ẹ jẹ́ kí n carry ẹ̀ fún yín.” Àlàájà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fà á dìde, wọ́n bi í pé kí ni oríkì rẹ̀. “Àṣàkẹ́ ni Granny máa ń pè mí,” ló wí. Hẹ̀n! Láti ọjọ́ náà, Àṣàkẹ́ ṣáá ni. Àṣàkẹ́, wá jẹun. Àṣàkẹ́, bá mi wo fóònù yìí. Ta ló ń bá Àlàájà gbé iṣu láti ọjà Rye Lane láti ọjọ́ yìí? Ta ló ń sìn wọ́n lọ sí ọsibítù? Èmi ni! Síbẹ̀, Ìyá Òkè ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé òkè wọn ni mò ń gbé. Wọn kò bi mí léèrè oríkì mi rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, “Ìyá Òkè, má kánjú padà o. Tọ́jú ìyá rẹ dáadáa. Àṣàkẹ́ á wà pẹ̀lú wa.” Ọ̀rọ̀ ire ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó gún mi lọ́kàn. Mo ṣe àmín, mo gun àtẹ̀gùn lọ sókè, mo sì sunkún.

Ọjọ́ Sunday ni ìpàdé. Bí mo bá ní mi ò fẹ́ Fàrídà mọ́, kò sí ẹni tí yóò bi mí ní ìdí, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹlòmíràn tí mo lè fi ilé sílẹ̀ fún. Kí ni kí n ṣe? Ẹ tètè gbà mí nímọ̀ràn, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti ń sọ mí di ẹni tí mi ò mọ̀. Lánàá, ìyá mi pè, wọ́n bèèrè ọjọ́ tí mò ń bọ̀. Mo ní a ò tíì rí ẹni tí yóò gba ilé. Wọ́n ní kò burú, àwọn á máa dúró dè mí.