Àmín tí mo ṣe lórí drone Kúnlé

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n rí ohun tí mo ń wá.

Èmi ni Dàpọ̀ tó máa ń ru ẹsẹ̀ kámẹ́rà lọ síbi ìgbéyàwó. Ọdún mẹ́ta ni mo ti lò lọ́dọ̀ ọ̀gá wa kí Kúnlé tó dé. Àbúrò mi ni Kúnlé lọ́jọ́ orí. Oṣù méjì péré, ọ̀gá gbé drone lé e lọ́wọ́. Bó bá ti gòkè, àwọn sístà á máa pariwo "Kúnlé pilot!" Èmi tí mo gbé àpótí rẹ̀ wá, wọn ò mọ orúkọ mi. Màmá mi pàápàá, "Ṣé o ò rí Kúnlé ni?" Tí Kúnlé bá rẹ́rìn-ín, ó ń dùn mí. Tó bá ra omi tútù fún mi, ó tún ń dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a lọ ya fọ́tò ọkọ àti ìyàwó lẹ́sẹ̀ òkè Kagoro, ní ìpínlẹ̀ Kaduna níhìn-ín. Drone yìí, a máa ń tẹ iye kan sí i, pé bí network bá já, kó gòkè dé ibẹ̀ kó tó máa fò bọ̀ fúnra rẹ̀. Láti ilẹ̀ tó ti gbéra ló ti ń ka gíga yẹn. Bí àpáta bá ga jù ú lọ, yóò forí sọ ọ́ ni. Kúnlé ti tẹ ọgọ́fà mítà. Ó ní kí n bá òun di fóònù tó fi ń darí rẹ̀ mú, kí òun lọ bá ìyàwó sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ di ọgbọ̀n. Ọ̀gá ti wí pé ẹni tó bá fọ́ drone, kó máa lọ sílé.

Kí a tó gbé e sókè, a máa ń gbọ́wọ́ lé e gbàdúrà. Kúnlé ní, "Baba, bó ṣe ń lọ yìí, jẹ́ kó padà láyọ̀." Ọwọ́ tèmi wà lórí ẹ̀. Mo ní, "Àmín."

Ó lọ sẹ́yìn àpáta. Network já. Mo rántí àmín tí mo ṣe. Mo ní, Olúwa, má dá mi lóhùn bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, dá mi lóhùn bí mo ṣe wí.

Ó sì yọ, ó ga ju àpáta lọ dáadáa. Mi ò mọ̀ pé bó bá ti wà lókè ju iye tí a tẹ̀ lọ, kì í sọ̀ kalẹ̀, ibi tó wà ló máa ń gbà bọ̀. Kúnlé sì ti gbé e ga kó tó kọjá.

Ó gbá mi léjìká. "Bùrọ̀dá Dàpọ̀, na gode. Ṣé ẹ rí i pé àwa méjèèjì mọ iṣẹ́?"

Ọpẹ́ yẹn ni mi ò lè gbà. Mo ní, "Kúnlé, wo iye tó wà níbẹ̀."

Ó wò ó títí. "Ta ló tẹ ọgbọ̀n?"

"Èmi ni."

"Haba, bùrọ̀dá. Àti àmín tí ẹ ṣe?"

Láti Kagoro títí a fi dé Narayi, àdúgbò wa, kò pè mí ní bùrọ̀dá mọ́. Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá fúnra mi. Ọ̀gá ní ọwọ́ Kúnlé ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Kúnlé fi ń di fóònù náà mú fúnra rẹ̀. Lánàá, níbi iṣẹ́, ó na fóònù sí mi, ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ bá mi tẹ ọgọ́fà sí i."

Ẹ bá mi yọ̀. Ìlara yẹn ṣì máa ń yọjú sí mi, mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ògo ni fún Ọlọ́run tó gbọ́ ti ẹnu mi, tí kò wo ti ọwọ́ mi.