Iṣẹ́ Tí N Kò Jẹ́ fún Nimat

Ẹ̀yin onílé àti ayálégbé àdúgbò wa ní Ìkòsí, ẹ̀yin tí ẹ fi mí ṣe ìyá láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, mo ní kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ yìí sí yín létí níbi ìpàdé nítorí pé ohùn mi kò lè dé ọ̀dọ̀ yín mọ́. Dókítà ti bá mi sọ ohun tí dókítà máa ń bá arúgbó sọ nígbà tí oògùn bá tán lọ́wọ́ rẹ̀. N kò bẹ̀rù ikú. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé kí n kú, kí ẹ wá sin mí bí ẹni rere, kí Muideen bíríkìlà sì máa jẹ́ apànìyàn lẹ́nu yín títí ayé. Muideen kọ́ ló pa Nimat. Èmi Cecilia Akóredé ni. Láti ọjọ́ náà wá, mo ti jẹ́wọ́ níwájú Fádà lọ́pọ̀ ìgbà. Mo jẹ́wọ́ ìbínú, mo jẹ́wọ́ òfófó, mo jẹ́wọ́ pé mo sùn nígbà ìwàásù. Èyí tó ń jẹ mí bí egbò nínú ni mo bò mọ́ra.

Gbogbo yín mọ ilé wa, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọkọ mi kọ́ kí Kétu tó kún tó báyìí. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa ló ṣáájú lọ, bàbá rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Nígbà tí àwọn tó wá bá mi kẹ́dùn tú ká tán, ìdákẹ́jẹ́ ilé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di aṣiwèrè. Mò ń dáná oúnjẹ ẹni mẹ́ta fún ẹnì kan. Àsìkò yẹn ni Abdulmujeeb, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, àti Nimat ìyàwó rẹ̀ wá gba yàrá iwájú lókè, pẹ̀lú Hàlímátù ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Nimat ń rán aṣọ ọmọdé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kétu. Ẹsẹ̀ ọmọ náà tó ń sáré kiri lórí àjà mi ló ń mú mi sùn. Nimat á yọjú láti òkè, á ní, "Mummy, ẹ tún ti ń jẹ búrẹ́dì lásán. Ẹ dúró, mò ń gbé ẹ̀wà bọ̀." Bí mo bá ní kó má ṣèyọnu, á ní, "Ta ló ń ṣèyọnu? Ẹ̀wà tó jóná ni mo fẹ́ fún yín." Kò jóná rí.

Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n fọ́ yàrá iwájú nísàlẹ̀, kí n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù, kí n máa ta ìwé àti bírò fún àwọn ọmọ iléèwé. Kì í ṣe èrè ni mo ń wá. Mo fẹ́ kí ènìyàn máa wọlé, kí wọ́n máa jáde. Mo pe Muideen, ẹni tó ti tún ilé ṣe fún ọ̀pọ̀ nínú yín. Ó wò ó yíká, ó fọwọ́ gbá ògiri, ó ní ògiri tí mo fẹ́ kí òun yọ yìí gan-an ni òkè gbára lé. "Ó ṣeé ṣe, Mummy. Màá fi igi ti òkè, màá sì da bíìmù kọnkéré tí yóò gbé òkè dúró sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè gbọ́dọ̀ kó jáde ná, títí bíìmù á fi le dáadáa. Èmi kì í ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn." Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní, "Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ń bà mí o. Bíríkìlà tí ẹ̀rù ò bà, ẹ má gbé iṣẹ́ fún un." Ó ní kí òun gòkè lọ bá wọn sọ ọ́. Èmi ni mo ní kó má gòkè. Mo ní, "Ayálégbé mi ni wọ́n. Màá sọ fún wọn." Ohùn onílé ni mo fi sọ ọ́.

Iléèwé àwọn Sístà ni mo ti kàwé, èmi náà sì padà di olùkọ́. Àìmọye ọmọ ni mo kọ́ ní òwe tó ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí Muideen rán mi kò tilẹ̀ le tó iṣẹ́ ẹrú. Ẹnu lásán ni. Mo gun àtẹ̀gùn lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà láti jẹ́ ẹ. Mo bá Nimat níbi tó ti ń di irun ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ jókòó. Ẹ bá mi bẹ ọmọ yín kó gbé orí jẹ́ẹ́." Ni Hàlímátù bá wá jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Mo ronú pé bí wọ́n bá kó lọ bá ẹbí wọn ní Sangisa, wọ́n lè rí yàrá mìíràn níbẹ̀, kí wọ́n má padà wá mọ́. Mo ronú kan àjà tí ẹsẹ̀ kankan kò ní sí lórí rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ láìsọ ohun tí mo bá lọ. Nígbà tí Muideen béèrè, mo ní mo ti sọ fún wọn, wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Ó tún béèrè nígbà tó kó igi dé. Mo ní wọ́n ti lọ. Ó nawọ́ sí ẹ̀wù ọmọdé kan lórí okùn ìsáṣọ; mo ní ti ọmọ ará ìjọ wa ni. Ẹ wò bí irọ́ ṣe ń bí irọ́ lẹ́nu arúgbó. Mo tan ara mi jẹ pé Nimat kì í sí nílé lọ́sàn-án, àti pé ọkọ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Nimat alára rí àwọn igi náà, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Mummy, ẹ ó fún mi ní igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù yín o, kí n gbé ẹ̀rọ mi sí." Mo ní màá fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ ògiri, mo rí i tó pọn ọmọ rẹ̀ jáde, ọkàn mi sì balẹ̀. Muideen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí oòrùn mú, mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń ṣa ẹ̀wà, ni Nimat bá gba ẹ̀yìn wọlé ní òun nìkan. Ó ti fi ọmọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. "Mummy, mo gbàgbé aṣọ oníbàárà kan. Mò ń sọ̀ báyìí." Ó sì gun àtẹ̀gùn lọ. Ìró òòlù ń dún níwájú ilé. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà mí: Muideen, dúró. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, yóò béèrè ìdí rẹ̀, yóò sì mọ̀ pé òpùrọ́ ni mí. Nimat náà yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò gbọ́ pé mo jẹ́ kí wọ́n máa fọ́ ògiri lábẹ́ ibi tí òun ń sùn. Ojú yóò tì mí lọ́dọ̀ Muideen àti Nimat, àwọn ọmọdé méjèèjì. Mo sọ fún ara mi pé ó ti ń sọ̀ bọ̀. Mo tẹjú mọ́ ẹ̀wà. Òòlù dákẹ́. Muideen ké sí mi láti iwájú, ó ní, "Mummy, ó dà bíi pé mo gbọ́ ìrìn lókè." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo ní, "Èkúté ni." Òòlù sì tún bẹ̀rẹ̀.

Igi kan yẹ̀. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ọkọ̀ ńlá da yanrìn sílẹ̀, eruku sì bo gbogbo ilé. Yàrá iwájú òkè ti wọlẹ̀ sínú ti ìsàlẹ̀. Àfọ́kù ògiri wó lé Muideen lẹ́sẹ̀, ó fà á yọ, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò sí ẹnikẹ́ni lókè. Ìgbà náà ni mo pe orúkọ Nimat. Ó wò mí. Kò bú mi. Ó yí padà, ó ń fi ọwọ́ lásán wa òkúta, ó ń wí pé, "Mummy ní èkúté ni. Mummy ní èkúté ni." Kí ẹ̀yin ará àdúgbò tó sáré dé, ó ti wú u jáde. Aṣọ oníbàárà náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí mo bá dúró níbẹ̀, ẹ lè ní ẹ̀rù arúgbó ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, alága sì bi mí níwájú gbogbo yín pé, "Mummy, ṣé ọkùnrin yìí sọ fún yín pé kí ẹ kó wọn jáde?" Mo ní, "Kò sọ nǹkan kan fún mi." Muideen dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Ó ní, "Mummy." Abdulmujeeb dìde, ó lù ú, ẹ sì jẹ́ kó lù ú. Èmi náà wò ó. Ẹ gbà mí gbọ́ nítorí ewú orí mi àti rósárì ọwọ́ mi. Ẹ fa Muideen lé ọlọ́pàá lọ́wọ́; nígbà tó padà dé, ẹnikẹ́ni kò gbé iṣẹ́ fún un mọ́. Geeti ló ń ṣọ́ ní Magodo báyìí, ó ń tiro. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan, tó ń ṣí geeti fún ọkọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, èmi tó yẹ kí n kúnlẹ̀ fún un.

Abdulmujeeb ní tirẹ̀ kò fi mí sílẹ̀. Òun tó pàdánù aya ló ń wá rẹ̀ mí lẹ́kún, ó ní ilé mi ló wó, ọmọ mi ni Nimat. Hàlímátù, tó ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì báyìí, ló ń gbé ògì wá fún mi níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Láìpẹ́ yìí ni bàbá rẹ̀ wá sọ fún mi pé àwọn fẹ́ tún ilé ẹbí àwọn ṣe ní Sangisa. Ó ní, "Kò sí ẹni tó máa sùn níbẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Mummy, gbogbo ìrun tí mo bá kí, mo máa ń gégùn-ún fún ọkùnrin yẹn." Mo rí i pé àdúrà ọmọlúàbí yìí ti bàjẹ́ lẹ́nu rẹ̀, èmi ni mo sì bà á jẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dìde, ó kọjú sí fèrèsé. Ó ní, "Mo lù ú, Mummy. Ìyàwó ẹ̀ ń wò mí, mo ṣì ń lù ú." Ó tún ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Nimat? À bá kó jáde lọ́jọ́ náà." Mo ní mo bẹ̀rù pé wọn kò ní padà wá. Ó ní, "À bá padà wá. Nimat ò fẹ́ gbé ibòmíràn." Kò tíì wá láti ọjọ́ náà, ọmọ rẹ̀ náà kò wá. Mo jẹ̀bi, wọn kò jẹ mí ní ohunkóhun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ilé, tí ẹ sì ń tún ilé ṣe, bí oníṣẹ́ bá ní kí ènìyàn kó jáde, ẹ má rán ẹlòmíràn sí wọn, ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ onílé gbọ́ nítorí pé ó dàgbà. Ẹ gòkè lọ. Ẹ fi ojú yín rí i tí ẹrù ń jáde, tí ọmọ ń jáde, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí ẹ tó gbé òòlù sókè. Bí ẹ bá gbọ́ ìrìn, ẹ lọ wò ó. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti parọ́, ẹ jẹ́ kí ojú tì yín. Ìtìjú kì í wó lu ènìyàn. Mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Nimat, n kò sì mọ bí èsì rẹ̀ yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Abdulmujeeb àti Hàlímátù. Mo sì mọ̀ pé àánú yóò ṣe ẹlòmíràn nínú yín, yóò fẹ́ wá kí mi. Kí ó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Muideen, kí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, bí ẹ ti dá a lẹ́bi ní gbangba. Bí Muideen bá ní kí ẹ má wá sọ́dọ̀ mi mọ́, ẹ má wá.