Ọ̀rọ̀ Dókítà tí Mo Gé sí Méjì

Fọlákẹ́, àbúrò mi, ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn ná. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú mi ti ń ríran bàìbàì. Mo fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ nígbà tí mo ṣì lè fọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ìkàrẹ́, Délé ni àfẹ́sọ́nà mi. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ nílé wa ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Mo dé fún ọlidé, Fọlákẹ́ ti lóyún fún un. Wọ́n ní kí n mú sùúrù. N kò fẹ́ ọkọ kankan láti ìgbà náà. Oyún yẹn ni Dúpẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kíndìnrín Fọlákẹ́ méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀. Dúpẹ́ ní òun yóò fún ìyá òun ní ọ̀kan. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọsibítù. Dókítà ibẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ; ìyá àti ọmọ kò sì kàwé. Èmi tíṣà ni wọ́n mú lọ ṣe ògbufọ̀.

Dókítà ní kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀, irú èyí tí í pẹ́ lára, wà nínú ẹ̀jẹ̀ Dúpẹ́. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó wá ní, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣì dára; bí Fọlákẹ́ bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó sì ń lo oògùn, àwọn ṣì lè lo kíndìnrín náà.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò túmọ̀ ìyẹn. Mo ní, "Ó tán. Ẹ̀jẹ̀ Dúpẹ́ ò dára." Mo yíjú sí dókítà, mo ní wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́.

Fọlákẹ́ ṣì ń wo ẹnu mi. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó kú.

N kò sunkún. Dúpẹ́ ló ń dà mí láàmú. Títí di òní, kì í bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun nínú abọ́ kan. Ó gbà pé ẹ̀jẹ̀ òun ló pa ìyá òun. Ó ń fọṣọ fún mi. Ó ń pè mí ní màmá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé kí n sọ fún un, kí n sì pàdánù ẹni kan ṣoṣo tó ń pè mí bẹ́ẹ̀? Àbí kí n dákẹ́? Kí ẹ tó dá mi lóhùn, ẹ gbọ́ ohun tí Fọlákẹ́ sọ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì, lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀:

"Tíṣà, mo gbọ́ 'bọ́ọ̀tì', ìyẹn 'ṣùgbọ́n', lẹ́nu dókítà lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ẹ rò pé ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún àwọn kọ́pà ò ní mọ 'bọ́ọ̀tì' ni? Mo dúró kí ẹ sọ ìyókù. Ẹ dákẹ́. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ̀san ọ̀rọ̀ Délé nìyẹn. Ó ti tán báyìí, àbí?"