Nọ́ńbà Méjì Tó Dọ́gba

Ẹ kú ìjókòó níwájú Olúwa, ẹ̀yin ará. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí irọ́ mi gbé mi mì. Halelúyà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ibí yìí náà ni mo dúró sí tí mo ní Ọlọ́run ti bá mi parí iṣẹ́ másítáàsì mi. Irọ́ ni mo pa. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Àwọn átọ̀mù inú bàbà máa ń tò létòlétò, òun là ń pè ní kírísítà. Mo ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí átọ̀mù kan ṣe ń fa èkejì, kí n lè mọ bí bàbà ṣe máa le tó tí a bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tí a fà á. Kò bọ́ sí i rárá. Ìyá Ìjọ wa bá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ní yàrá mi ní Yaba. Lọ́jọ́ kẹta, èsì jáde, àmọ́ méjì nínú àwọn nọ́ńbà tó ń sọ bí bàbà ṣe le tó dọ́gba rẹ́gí. Nínú ìwé àwọn tó wọn bàbà gan-an, wọn ò dọ́gba. Mo ní àṣìṣe nìyí. Mo pa ọ̀kan rẹ́, mo fi ti inú ìwé síbẹ̀, mo wá jẹ́rìí, ẹ sì bá mi jó!

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ ju oṣù méjì lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, sùpáfáísọ̀ mi ka iṣẹ́ náà, wọ́n wò mí lójú.

"Bọ́lá, átọ̀mù méjì méjì lo fi ṣírò. Téèyàn bá ṣe é báyẹn, tí kò ka ipa àwọn átọ̀mù yòókù sí, dandan ni kí nọ́ńbà méjì yìí dọ́gba. Kí ló dé tí tìẹ ò dọ́gba?"

Yéè! Wọ́n lè lé mi ní yunifásítì. Mo gbàdúrà nínú ikùn mi pé kí Olúwa fún mi lẹ́nu tí màá fi sòótọ́. Mo bá kúnlẹ̀. "Sà, wọ́n dọ́gba tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo yí i."

Wọ́n ní, "O da èsì tó tọ́ nù, o lọ gbé tẹlòmíì. Dá a padà, kí o sì kọ ìdí tí kò fi bá bàbà gidi mu. Ìyẹn gan-an niṣẹ́."

Wọn ò lé mi o! Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ti dáhùn lọ́jọ́ kẹta ààwẹ̀ yẹn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa ìdáhùn rẹ̀ rẹ́. Ìyá Ìjọ, ẹ dárí jì mí, ẹ febi panú nítorí mi, mo sì fi yín parọ́. Ògo ni fún Ẹni tó gbà mí lọ́wọ́ ara mi. Ẹ bá mi yọ̀. Ẹ lè pàtẹ́wọ́ wàyí, àmọ́ Òun ni kí ẹ pa á fún.