Ejò Inú Ọparun Omi Slinh

Ẹ̀yin ọmọ Khuoi Hin, ẹ fi ẹ̀rín sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ mi. Ẹnu tó ń kọrin fún yín lójoojúmọ́ yìí, ohun kan ti há sí i lọ́fun láti ìgbà ọmọge. Bí n kò bá pọ̀ ọ́ jáde kí wọ́n tó gbé mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, yóò bá mi wọ ilẹ̀ ni. Nguoc, ejò olómi, kò fẹ́ Slinh níyàwó rí. Ọwọ́ èmi Phon ló ṣe é. Mo rí i pé ẹ ti ń wojú ara yín, pé Ìyá àgbà tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán lónìí.

Ọ̀rẹ́ tí kò ṣeé yà ni èmi àti Slinh. A jọ ń yí òkúta nínú odò, a jọ ń kó edé àti akàn sínú agbọ̀n. Ó lóhùn jù mí lọ. Bí Slinh bá dá orin, àwọn ẹyẹ á dákẹ́ gbọ́, èmi ni mo sì ń gbè é. Inú mi ń dùn sí i, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Leng ọmọ alágbẹ̀dẹ dúró lódìkejì odò tó fi orin dá a lóhùn, tí ojú rẹ̀ kò tiẹ̀ yà sọ́dọ̀ mi, orin náà kan mọ́ mi lẹ́nu. Kí ọdún tó parí, ẹbí Leng ti gbé pẹ́pẹ́yẹ àti ọtí ìrẹsì lọ sílé Slinh, wọ́n ti fẹ́ ẹ sọ́nà.

Ẹ ṣáà mọ àṣà wa. Láàárọ̀ ọdún tuntun, bí àkùkọ bá ti kọ, ọmọbìnrin á lọ síbi ìsun, á tan tùràrí, á pọn omi tuntun sínú ọparun, á fi ewé dí i lẹ́nu, kò sì gbọdọ̀ ṣí i lójú ọ̀nà. Èyí tí wọ́n bá ti fẹ́ sọ́nà, ilé àna rẹ̀ ni yóò gbé tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni yóò ti dà á sínú ìkòkò tíì àwọn baba ńlá. Ohunkóhun tó bá sì bá omi yẹn wọlé, Nguoc, ejò ńlá tó ni omi, ló rán an.

Láàárọ̀ yẹn, Slinh pọn omi tirẹ̀ tán, ó gbé ọparun náà tì mí. Ó ní, "Phon, bá mi wo èyí, kí n tan tùràrí." Mo bá a wò ó! Mo mọ òkúta tí ejò odò kékeré ń sùn sábẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe mọ ẹní mi. Mo gbé òkúta náà sókè. Òtútù ti mú un, ó rọ bí okùn, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ikùn rẹ̀ pọ́n bí àtalẹ̀ pupa. Kì í bu ènìyàn jẹ, ekòló àti edé ni oúnjẹ rẹ̀. Mo ki ejò náà bọ inú omi Slinh. Ẹ wá wo ìkà: èmi náà ni mo tún bá a já ewé, tí mo bá a dí i. Mo sì ń kọrin bí a ti ń lọ:

*Omi tuntun dé o,*
*omi tuntun wọlé,*
*ohun tó bá omi wá,*
*ire ni kó jẹ́.*

Nílé alágbẹ̀dẹ, Slinh kúnlẹ̀, ó da omi, ejò sì já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ìyá Leng figbe ta. Baba Leng dìde. Ó ní, "Nguoc ti yan tirẹ̀! Ta ni yóò bá ejò olómi du ìyàwó? Èmi ni? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó dé ibùsùn ọmọ mi o!"

Slinh rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò tètè tán. Ó ní, "Baba, ejò abẹ́ òkúta lásán ni! Gbogbo ìgbà la máa ń rí i tí a bá ń kó edé. Phon, sọ fún wọn!"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kíkì tí mo ki ejò bọ inú omi kọ́ ló burú jù. Ibí ló wà. Mo wo ojú ọ̀rẹ́ mi, mo ní, "Èmi ò rí irú rẹ̀ rí."

Ẹ̀rín kú lójú Slinh.

Láti ọjọ́ náà kò sí ọkùnrin tó bá a dá orin mọ́. Nígbà tó yá, Leng yí orin tirẹ̀ sọ́dọ̀ mi, mo sì gbè é, mo fẹ́ ẹ, mo bímọ fún un, mo bá a gbé títí ó fi kú. Slinh kọ́ ahéré síbi ìsun. Nígbà tí ọjọ́ ti gorí ọjọ́, àwọn ènìyàn ń gbé ẹyin lọ fún un kí wọ́n tó gbin ìrẹsì: "Ìyàwó Nguoc, ẹ bá wa bẹ ọkọ yín, kí omi má gbẹ." Á sì kọrin sí omi.

Èṣí ni àwọn tó ń kọ́ nípa ejò dé láti Hanoi, tí wọ́n ń wọ́ bàtà rọ́bà nínú odò wa. Ọmọbìnrin kan nínú wọn gbé ejò náà sọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ adìyẹ. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bẹ̀rù. Ẹbí rẹ̀ pọ̀ lọ ní àwọn òkè Ṣáínà àti Laos, títí dé erékùṣù àwọn ará Japan. Irú tó wà níbí yàtọ̀ sí irú tó wà lọ́hùn-ún. Ti odò yín yìí, bóyá ni ẹnikẹ́ni tíì fún un lórúkọ."

Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé ó lè dédé wọ inú ọparun omi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọparun kẹ̀? Ejò tó jẹ́ pé agbára káká ló fi ń kúrò lábẹ́ òkúta!"

N kò lè sùn mọ́. Mo lọ bá Slinh. Ó ń bó ọ̀mùnú ọparun. Ó ní, "Arúgbó, orin lo wá gbè ni àbí oúnjẹ lo wá jẹ?" Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò dáwọ́ dúró. Ó bó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó wò mí.

Ó ní, "Phon, o ti gba ọkọ kan lọ́wọ́ mi. Ṣé èkejì lo tún wá gbà yìí?"

Mo ní, "Slinh, dárí jì mí."

"Kí n wá máa kọrin fún ta ni? Àwọn ará Hanoi ni yóò máa gbé ẹyin wá fún mi? Pa ẹnu rẹ mọ́. Tí mo bá kú, kí o sọ ọ́ bó ṣe wù ọ́. Jókòó, bá mi bó ọ̀mùnú." Mo jókòó, mo ń bó o. Nígbà tó ṣe, ó dá orin. Mo gbè é. Kò dárí jì mí, kò sì lé mi.

Nígbà ìkórè tó kọjá, Slinh kú. Gbogbo yín lẹ dà bo etí odò, tí ẹ ń da òdòdó sómi fún ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jẹ́wọ́ tí ẹ kò jẹ́ kí n jẹ́wọ́! Mo sọ fún baálẹ̀, ó ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ gbígbóná fún mi. Mo sọ fún ọmọ ọmọ mi tó ń ṣe tíṣà, ó ní, "Ìyá àgbà, a gbọ́ pé ọwọ́ yín ló ki ejò bọ inú omi. Ta ló wá rán ọwọ́ yín?" Ẹ gbà mí o! Nguoc ló rán mi, lẹ wí. Èmi wá di alárenà Nguoc! Láàárọ̀ àná mo ṣílẹ̀kùn, mo bá ẹyin lórí àtẹ̀gùn mi.

N kò fẹ́ ẹyin. Kò sí ejò ńlá kan tó rán mi níṣẹ́. Ìlara ló rán mi, mo sì sáré jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ọmọge, bí ọ̀rẹ́ yín bá ní kí ẹ bá òun wo ọparun omi òun, ẹ bá a wò ó. Bó bá sì pè yín ní ẹlẹ́rìí, ẹ dáhùn.

Ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ bá mi bínú ná. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín bínú sí mi nítorí Slinh, ara á tù mí. Ẹ dá orin rẹ̀ bó bá wù yín, n ó máa gbè é. Ṣùgbọ́n ẹ wá kó ẹyin yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi.