Àdúrà Ojú Ọ̀nà

Nígbà tí ìjà ń lọ lọ́wọ́ ní Warri, a tò láti ra kẹrosíìnì ní àdúgbò Agbassa, mo sì gbọ́ bí ìyá àgbà kan ṣe ń fi ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìwọ tó o gbàdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi pé a ò ní bẹ̀rù, ìwọ náà ni mo rí lójú fèrèsé tó ò ń sáré lọ sí ìlú Ovwian nígbà tí ìbọn dún!"

"Màmá, àbẹ́gì! Ẹsẹ̀ mi ló sáré. Ọkàn mi ò kúrò lẹ́yìn Olúwa."

"Ẹsẹ̀ náà mọ̀nà o!"

"Ẹ̀yin tí ẹ ò sá ńkọ́? Ibo lẹ ti gbàdúrà tiyín?"

Ìyá fèsì, "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ìyá di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú.

"Èmi nìkan ni mo wà nílé. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, jọ̀ọ́, kan ilẹ̀kùn mi."

"Ṣé ẹ ó lè sáré, Màmá?"

"Ìwọ ṣáà máa fà mí lọ. Èmi á máa gbàdúrà fún àwa méjèèjì."